Gọ́ọ̀mù funfun fún ojú tábìlì onípákó: ó tó fún inú ilé, kò tó fún ìta

Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń pè ní Top Bond, orúkọ yòówù kó wà lára ike rẹ̀, là ń yẹ̀ wò fún iṣẹ́ kan ṣoṣo: kí a fi lẹ pákó mọ́ra ní ẹ̀gbẹ́ kó di ojú tábìlì. Fún tábìlì inú ilé, máàkì 8 nínú 10 ló gbà lọ́wọ́ wa. Bí ó bá mú dáadáa, igi ni yóò ya kí ojú ìlẹ̀mọ́ tó já. Kò sídìí láti kan ìṣó mọ́ ọn.

Ẹ wo iye tó ń lọ sí i. Tábìlì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, tó fẹ̀ ní 60, tí a fi pákó oníínṣì kan mẹ́rin ṣe, ojú ìlẹ̀mọ́ mẹ́ta ló ní. Gọ́ọ̀mù tó máa gbà kò fi bẹ́ẹ̀ ju gíráàmù 20 lọ, ike kílò kan á sì ṣe tábìlì bíi 50. Kí ló wá dé tí a ó fi máa bu omi là á nítorí owó? Gọ́ọ̀mù tí a là bẹ́ẹ̀ á wọnú igi lọ, ojú ìlẹ̀mọ́ á sì ṣófo. Èyí tó ti ṣù jọ nínú ike, ẹ má rà á.

Ẹ̀bi tí wọ́n ń dì ru gọ́ọ̀mù, pákó ló sábà máa ń ni ín. Pákó ìrókò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sọ́míìlì dé Adó tàbí Ìkẹ́rẹ́ lásìkò òjò ṣì tutù nínú, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ gbẹ. Ẹ mú odidi pákó kan nínú wọn, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n lójoojúmọ́; ìgbà tí kò bá fúyẹ́ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ló tó lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ to pákó méjì láìfi gọ́ọ̀mù sí i, kí ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba àárín rẹ̀ kọjá, ẹ padà sídìí ìfági. Gọ́ọ̀mù yìí kì í dí àlàfo, lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n ń pò mọ́ ọn kò sì ní agbára kankan. Ẹ ṣọ́ra fún òkúta inú ìrókò, ó máa ń ṣá ẹnu ìfági, ẹnu tó ṣá á sì fi ilà sára pákó. Ní ti tíìkì, òróró wà lára rẹ̀: ọjọ́ tí ẹ bá fá a ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́.

Kíláǹpù, irin tí ń fún pákó mọ́ra, ni kí ẹ kọ́kọ́ tò sílẹ̀. Tí ẹ bá ti fi gọ́ọ̀mù sí i, ìṣẹ́jú bíi 10 lẹ ní láti fi kíláǹpù fún un, nígbà ọ̀yẹ́ ó lè má ju 5 lọ. Márùn-ún tó fún tábìlì yìí: mẹ́ta lábẹ́, méjì lókè, nítorí bí gbogbo rẹ̀ bá wà lápá kan, tábìlì á tẹ̀. Ẹ fi ọrá sáàárín irin àti igi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ irin àti omi gọ́ọ̀mù á sọ ìrókò tàbí àpá di dúdú. Kí gọ́ọ̀mù yọ wínníwínní bí òógùn lórí ilà ló dára. Bí kò bá yọ rárá, ó kéré. Ẹ má fi àkísà tútù nù ún, ojú ibẹ̀ kò ní gba pólíìṣì dáadáa. Lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú 30 tó bá ti ki, ẹ fi ẹnu ṣísẹ́ẹ̀lì há a kúrò. Ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fá ojú rẹ̀, torí omi inú gọ́ọ̀mù ti mú igi wú níbẹ̀. Bí ẹ bá fá a báyìí, ilà náà á jìn wọlé tó bá gbẹ.

Máàkì 2 tó pàdánù, omi ló gbà á. Tábìlì búkà tí wọ́n ń fọ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, tàbí bẹ́ǹṣì tó wà níta, á tú. Fún ìwọ̀nyẹn, ẹ ra Titebond III: ó wọ́n ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ó lè fara da òjò, ó sì ń fúnni ní ìṣẹ́jú 8 sí 10 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ki.

Ẹ má sì lẹ ojú tábìlì mọ́ férémù. Láàárín ọ̀yẹ́ àti òjò, èyí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60 lè sún bíi mílímítà 5, nítorí náà ihò tó gùn díẹ̀ ni kí sùkúrù gbà. Bí ó bá ya síbẹ̀, ẹ wo ojú ibi tó ya. Bí ẹ̀hún igi bá wà lára pákó méjèèjì, gọ́ọ̀mù kò jẹ̀bi. Bí ó bá ń dán bí ọrá láìsí ẹ̀hún kankan, gọ́ọ̀mù ti gbẹ kí kíláǹpù tó dé ibẹ̀.