Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Lóko Ẹ̀gẹ́ ní Rẹ́mọ: Ohun Tí Ó Ṣe fún Mi àti Ohun Tí Ó Gbà Lọ́wọ́ Mi

Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó lítà kan sì fò láti iye tí kò tó 200 náírà sí iye tí ó lé ní 480 náírà láàárín ọjọ́ mélòó kan, owó tí àwọn ọlọ́kadà ń gbà láti kó ẹ̀gẹ́ mi láti oko dé ẹbu gàrí bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èrè mi tán. Oko náà wà lẹ́yìn Òde Rẹ́mọ, ọ̀nà rẹ̀ kò ju kìlómítà méjì àbọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò lè wọ̀ ọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni mo ra kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì. Ó ti lé ní ọdún méjì báyìí, àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ní agbègbè Ìpẹru àti Ìlíṣàn sì ń béèrè lemọ́lemọ́ bóyá kí àwọn náà ra tiwọn. Ìdáhùn mi nìyí, láìfi ohunkóhun pamọ́.

Sábó ní Ṣágámù ni mo ti rà wọ́n, níbi tí òwò obì ti so àwa àti àwọn ará Òkè Ọya pọ̀ láti ìgbà pípẹ́. Iye tí mo san lórí méjèèjì, pẹ̀lú owó ọkọ̀ tí ó gbé wọn wá láti òkè, kò tó owó ọ̀kadà tuntun kan. Ẹyọ kan ni mo tilẹ̀ ní lọ́kàn. Bàbá àgbàlagbà kan tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ ni ó pè mí sẹ́yìn, tí ó ní, “Ọ̀gá, ẹ má ra ẹyọ kan. Bí ó bá dá nìkan wà, kò ní jẹun dáadáa, ẹkún ni yóò máa sun.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Màlámù náà títí di òní, nítorí òótọ́ pọ́ńbélé ni ó sọ: ẹran tí ń fẹ́ ẹnìkejì ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ewúrẹ́ tàbí àgùntàn kò sì lè dípò irú tirẹ̀ fún un.

Ẹni tí ó tà wọ́n fún mi ní tirẹ̀ sọ pé àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. N kò mọ̀ pé ẹnu ni a ti ń mọ ọjọ́ orí wọn. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin kò tíì pààrọ̀ gbogbo eyín iwájú rẹ̀ tán, nítorí àwọn tí ó wà ní igun máa ń tó nǹkan bí ọdún mẹ́rin àbọ̀ kí wọ́n tó yọ. Nígbà tí dókítà ẹran ya ẹnu èyí tí ó pọ́n nínú wọn, gbogbo eyín náà ti pé, wọ́n sì ti jẹ dé ìdí. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ rà mú ẹni tí ó mọ eyín wò dání, kí ó sì gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò kí ó tó ka owó.

Níbi iṣẹ́, n kò ní ẹ̀sùn kankan láti kà sí wọn lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fi mọ ọ̀nà oko, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń rìn ín láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń fà wọ́n. Wọn kì í bẹ́ gìjà bí ẹṣin, ọmọ mi tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá sì lè dà wọ́n délé. Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn kíyè sí ni ìwọ̀n ẹrù. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí ó wọn 140 kìlógíráàmù kò yẹ kí ó ru ju ìdá mẹ́rin ara rẹ̀ lọ fún ìrìn gígùn, èyí tí í ṣe 35 kìlógíráàmù. Èyí kò tó àpò ẹ̀gẹ́ kan bí àwa ṣe ń dì í, nítorí náà ni mo fi dín ẹrù kù, tí mo sì pín in sí àpò kékeré méjì, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, lórí tìmùtìmù méjì tí a fi koríko gbígbẹ kún tí a sì rán pọ̀ lọ́nà tí ẹrù kò fi ní kan egungun ẹ̀yìn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi okùn ọ̀rá di ẹrù mọ́ wọn lára láìsí tìmùtìmù, egbò yọ sí wọn lẹ́yìn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó sì gbà tó oṣù kan kí ó tó jiná. Ojú tì mí gidigidi nígbà náà, nítorí ẹran tí kò lè sọ̀rọ̀ ni mo fi ìyà jẹ.

Lẹ́yìn náà ni mo ní kí wẹ́dà kan ṣe ọmọlanke onítáyà méjì fún mi. Èyí ni ó mú kí owó tí mo ná bẹ̀rẹ̀ sí í padà wọlé, nítorí pé ohun tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lè fà lórí táyà pọ̀ ju ohun tí ó lè gbé sẹ́yìn lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìrìn méjì láàárọ̀ àti ẹyọ kan ní ìrọ̀lẹ́ ti tó láti kó gbogbo ẹ̀gẹ́ tí àwọn obìnrin ẹbu lè bó lójúmọ́. N kò tún fún ọlọ́kadà lówó mọ́ láti oṣù kejìlá títí di oṣù kẹta.

Oúnjẹ wọn kò wọ́n ènìyàn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ yóò ti ṣìnà. Ohun gbígbẹ tí ó ní èèpo líle ni ikùn wọn fẹ́: pòpórò àgbàdo, koríko tí oòrùn ti pa. Kìlógíráàmù méjì sí mẹ́ta ti tó ẹyọ kan lójúmọ́. Bí a bá tú wọn sílẹ̀ sínú koríko tútù yọ̀yọ̀ tí òjò Rẹ́mọ ń hù, wọn yóò sanra ju bí ó ti yẹ lọ, ara yóò sì gbóná nínú pátákò wọn títí tí ẹsẹ̀ kò fi ní ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí ó kún ẹ̀yìn ẹbu náà ń fa ojú mọ́ra, ṣùgbọ́n májèlé wà nínú rẹ̀ nígbà tí ó bá tutù. Mo máa ń sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ dáadáa, ìwọ̀nba díẹ̀ ni mo sì ń bù fún wọn. Ìgbẹ́ wọn ni mo ń kó sí ìdí ẹ̀fọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti jẹrà.

Àwọn ènìyàn máa ń ní olóríkunkun ni wọ́n. N kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹṣin tí ẹ̀rù bá bà yóò sá. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí ẹ̀rù bá bà yóò dúró sójú kan títí tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi yé e. Odò kékeré kan wà lọ́nà oko mi tí kò kọjá kókósẹ̀ ènìyàn, odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n sì fi kọ̀ láti là á kọjá. Pàṣán kò ṣiṣẹ́. Ìgbà tí mo tú ẹrù kúrò lára wọn, tí mo sì wọ inú omi dúró pẹ̀lú pòpórò lọ́wọ́ láràárọ̀, ni èyí àbúrò tó tẹ̀ lé mi, tí èkejì sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀, kí ó máa san owó ọ̀kadà lọ.

Omi ni ọ̀tá wọn gan-an, omi sì ni ìlú wa. Ilẹ̀ gbígbẹ ni orírun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Irun ara rẹ̀ kì í lé omi dànù, òjò a máa mu ún dé awọ, pátákò rẹ̀ a sì máa fa ọ̀rinrin bí kànìnkànìn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n ti dúró nínú ẹrẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀kan sókè, òórùn ìdíbàjẹ́ sì gba imú mi: àtẹ́lẹ́sẹ̀ ti ń jẹrà. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé owó tí mo san ní Sábó kọ́ ni owó kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Mo kọ́ ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ ga, mo fi kọnkéré tẹ́ ẹ, mo fi páánù bò ó, mo sì ń kó èérún pákó láti sọ́mìlì wá tẹ́ ibẹ̀. Ilé náà gba owó ju ẹran méjèèjì lọ. Pátákò tún ní láti jẹ́ gígé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́wàá síra, n kò sì rí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gé nítòsí wa. Láti Ṣágámù ni ẹnì kan ti ń wá, èmi ni mo sì ń san owó ọkọ̀ rẹ̀.

Ohun tí ó dùn mí jù ni mo fẹ́ sọ yìí. Eṣinṣin tsetse wà nínú igbó wa, àìsàn tí ó ń gbìn sára ẹran, tí wọ́n ń pè ní nagana, sì wà lára ohun tí ó mú kí ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ yìí láti ayé àwọn bàbá wa. Àwọn kan máa ń tọ́ka sí àwọn ẹṣin Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá pé, ẹ wò ó, ara wọn le. Ẹran tí ó ní olùtọ́jú tí kò níṣẹ́ méjì yàtọ̀ sí ẹran tí ń gba inú igbó kọjá lójoojúmọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, èyí ẹ̀gbọ́n ń jẹun ṣùgbọ́n ó ń rù. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kì í fi ìrora hàn. Ó ń bá mi lọ sóko bí ìṣe rẹ̀, mo sì rò pé ọjọ́ orí ni. Nígbà tí mo fi máa ya ẹnu rẹ̀ wò, èrìgì rẹ̀ ti funfun, abẹ́ ikùn rẹ̀ sì ti wú. Dókítà gún un lábẹ́rẹ́ pẹ̀lú ìṣọ́ra, nítorí pé diminazene tí wọ́n fi ń wo màlúù kì í ṣe oògùn tí à ń fi ojú wọ̀n fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ìwọ̀n tí ó ń pa á lára kò jìnnà sí èyí tí ó ń wò ó sàn. Ó ti pẹ́ jù. Ọjọ́ kẹrin ni ó kú.

Dókítà náà ni ó ní kí a má tètè gbé òkú kúrò, kí a jẹ́ kí èkejì rí i. Àbúrò dúró tì í títí ilẹ̀ fi mọ́, ó ń fi imú tì í lọ́rùn. Lẹ́yìn tí a sin ín, kò fẹnu kan oúnjẹ, èyí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ lásán, nítorí pé bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò bá jẹun fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rá ara rẹ̀ yóò ya wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè pa á. Ọwọ́ ni a fi ń fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti pòpórò díẹ̀díẹ̀ títí tí mo fi tún ra òmíràn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ya ẹnu wọn wò ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, tí mo sì ń fi oògùn tí ń lé eṣinṣin ra wọ́n lára.

Àwọn ìnira yòókù kò tó èyí. Igbe wọn ń rìn jìnnà, nítorí náà kí ilé wọn má ṣe sún mọ́ ilé ẹlòmíràn. Kí ilẹ̀kùn ní àgádágodo, nítorí pé òwò awọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí wọ́n ń fi ṣe oògùn ejiao ní Ṣáínà ti fa olè jíjà káàkiri Áfíríkà, ó tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè nínú Ìṣọ̀kan Áfíríkà fi fòfin de pípa wọ́n nítorí awọ ní oṣù kejì ọdún 2024. Màlúù tí ó gbó ṣì ṣeé tà fún alápatà. Mùsùlùmí kì í jẹ ẹran kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, èmi náà kò sì lè tà á bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ tí ó ṣe fún mi. Bí a bá tọ́jú rẹ̀, ó lè lé ní ọdún 25 láyé, kí ènìyàn ro èyí mọ́ iye tí yóò ná.

Nítorí náà, ẹni tí ó ní oko lórí ilẹ̀ gíga, tí ẹrù rẹ̀ ń lọ lójoojúmọ́, tí ó sì lè kọ́ ilé kí ó tó lọ sọ́jà, kí ó ra méjì ní oṣù kọkànlá, kí wọ́n lè ní oṣù mẹ́rin gbígbẹ láti mọ ibẹ̀ kí òjò tó dé. Ẹni tí oko rẹ̀ wà ní àkùrọ̀, mo bẹ̀ ẹ́ tọkàntọkàn pé kí ó má ra kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rárá. Ní tèmi, mo ti bá bíríkìlà sọ̀rọ̀ láti fi kọnkéré tẹ́ ọ̀nà tí ó ti ẹnu ilé wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń mumi, kí ẹsẹ̀ wọn má baà kan ẹrẹ̀ lọ́dún yìí.