Ẹ ṣọ́ra fún Eldorado 1959 tí wọ́n ní kò tíì kúrò nínú páálí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra mọ́tò kékeré ayé àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní òun ní Cadillac Eldorado Biarritz 1959, ìwọ̀n 1:24 (ìyẹn ni pé mọ́tò gidi gùn jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́rìnlélógún), tí kò tíì kúrò nínú páálí rí, ẹ má san kọ́bọ̀ fún un tẹ́ ẹ ò bá tíì rí abẹ́ rẹ̀. Dọ́là 240 ni ẹni tó ta tèmi gbà lọ́wọ́ mi.

Páálí rẹ̀ mọ́, fóòmù rẹ̀ funfun báláú. Àfìgbà tí mo gbé e jáde. Kúrúnà ti bo bọ́ǹẹ́ẹ̀tì, ìléròrò wínníwínní lábẹ́ ọ̀dà pupa, bí ẹni da iyanrìn sí i. Iná ẹ̀yìn Cadillac 1959, méjì méjì ló wà lára lẹbẹ kọ̀ọ̀kan tó yọ sókè lẹ́yìn rẹ̀ bíi ti ẹja, ṣóńṣó bí ọta ìbọn. Lára lẹbẹ òsì, ẹyọ kan ni mo bá. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n kán síbi èkejì, wọ́n fi ọ̀dà èékánná kùn ún. Ọ̀dà èékánná! Mo họ ọ́ díẹ̀, ó ṣí kúrò.

Mo ṣí bọ́ǹẹ́ẹ̀tì. Kabúrétọ̀ mẹ́ta ló wà lórí ẹ́ńjìnnì Eldorado ọdún yẹn. Ẹyọ kan ló wà níbí. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò mìíràn ni wọ́n kì bọ̀ ọ́! Abẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀dà dúdú tuntun, òórùn rẹ̀ kò tíì lọ. Mo fi abẹ́rẹ́ fá a, mo rí i pé ó ti sán káàkiri. Síńkì tí wọ́n fi ń ṣe irú mọ́tò kékeré yìí, tí òjé bá ti wọ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n ń yọ́ ọ, inú ló ti ń jẹra, á wú, á sán, kò sì sí oògùn rẹ̀. Ẹni tó kun ọ̀dà yẹn mọ ohun tó ń bò.

Mo mọ gbogbo ohun tó yẹ kéèyàn yẹ̀ wò yìí kí n tó rà á, òun ló ń dùn mí. Àwòrán mẹ́rin ló fi ránṣẹ́, ìkankan kò fi abẹ́ hàn, mo sì sanwó lọ́nà tí wọ́n fi ń fún ọ̀rẹ́ lówó, èyí tí kò ṣeé gbà padà. Ṣùgbọ́n ṣé èmi ni mo ní kó purọ́? Kí n tó sanwó, kíá ló ń fèsì. Láti ìgbà yẹn, kò fọhùn mọ́. Olè ni!

Ẹ ní kí olùtajà ya àwòrán abẹ́ rẹ̀, kó kọ déètì ọjọ́ náà sórí ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kó fi rúlà wọ̀n ọ́n: ìńṣì 225 ni mọ́tò gidi, kékeré yìí gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 23.8. Kó tan tọ́ọ̀ṣì sí bọ́ǹẹ́ẹ̀tì láti ẹ̀gbẹ́, kúrúnà á hàn.

Mi ò gba olùtajà kankan gbọ́ mọ́. Ẹni yìí ṣì gbé Lincoln Continental 1961 àti Duesenberg kan síta, orí tábìlì kan náà ló ti ya wọ́n. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn Lincoln yẹn, ọ̀nà ẹ̀yìn ló yẹ kó máa ṣí sí. Nínú àwòrán rẹ̀, pípadé ni gbogbo ilẹ̀kùn wà. Ẹ má rà á.