Nightscout: Kóòdù tó ń bá mi ṣọ́ ọmọ lóru

Níbi iṣẹ́ wa ní London, àwa tá à ń kọ kóòdù máa ń ṣàwàdà pé bí ara èèyàn bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ni, à bá ti tún un ṣe tipẹ́. Bàbá kan gbìyànjú ẹ̀ lóòótọ́. Lọ́dún 2013, ní Amẹ́ríkà, John Costik kọ kóòdù tó ń jẹ́ kó rí ṣúgà ara ọmọ ẹ̀ látòkèèrè. Ibẹ̀ ni Nightscout ti ṣẹ̀, kóòdù tó ń gbé iye ṣúgà tí ẹ̀rọ ara ọmọ bá kà wá sórí fóònù òbí. Ọ̀fẹ́ ni.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 8, ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní. Lóru Ọjọ́rú tó kọjá, aago méjì ààbọ̀, fóònù mi figbe bọnu: ṣúgà ara ẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù, 3.4 mmol/L, ọfà ẹ̀ sì kọjú sísàlẹ̀, ìyẹn ni pé ó ṣì ń já wálẹ̀. Mo sáré gbé omi ọsàn fún un, ojú oorun ló ti mu ún tán. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta, ó ti gòkè dé 4.9.

Títò ó ló le. Alẹ́ méjì gbáko ni mo fi jókòó tì í, nígbà tó sì yá, ibi tí mo ń kó dátà sí kún, ojú ewé ò ṣí fún wákàtí 6. Ìyẹn ni mo fi yọ ìràwọ̀ kan nínú márùn-ún. Kì í wo àtọ̀gbẹ o, kò sì rọ́pò dókítà. Àmọ́ ìyá ọmọ mi ti kó fóòmù tó tẹ́ sí yàrá ọmọ láti máa ṣọ́ ọ lóru kúrò nílẹ̀.