Smartwatch àti ìlúwẹ̀ẹ́: IP68, 5 ATM tàbí 10 ATM, èwo ni kí ẹ rà?

Bí ẹni tó ń ta aago bá sọ fún yín pé omi ò lè ṣe é ní nǹkan kan, ẹ yí aago náà padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, tàbí kí ẹ wo ara páálí rẹ̀. Bí ẹ bá rí 5 ATM (ATM, ìyẹn atmosphere, ni òṣùwọ̀n agbára tí omi fi ń tẹ nǹkan) tàbí 50 m, ẹ lè wọ̀ ọ́ lúwẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ IP67 tàbí IP68 nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀ kí ẹ tó wọ omi. Ọ̀pọ̀ owó tí àwọn èèyàn ń pàdánù lórí ọ̀rọ̀ yìí, àìmọ ìyàtọ̀ àárín àmì méjèèjì ló ń fà á.

Ìbẹ̀rù kan wà tí mo fẹ́ kọ́kọ́ mú kúrò ńlẹ̀. Àwọn kan máa ń bèèrè bóyá aago oníbátìrì ò ní gbé iná mú èèyàn nínú omi. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Iná tó wà nínú bátìrì rẹ̀ kò tó volt 5. Aago ni omi lè pa, kì í ṣe ẹni tó wọ̀ ọ́. Ibi tí ìṣọ́ra ti ṣe pàtàkì ni ìdí ṣájà: ẹ má ṣe fi aago tó ṣì tutù sórí ṣájà, torí ojú irin tó ń gba iná yóò dógùn-ún. Bí ẹ bá sì rí i pé bátìrì ti wú débi tí ojú aago fi ń ṣí kúrò lára rẹ̀, ẹ má wọ̀ ọ́ mọ́, yálà nínú omi tàbí lórí ilẹ̀.

## Kí ni IP68 ń sọ, kí sì ni 5 ATM ń sọ?

Inú ìlànà kan tó ń jẹ́ IEC 60529 ni IP ti wá, gbogbo ohun èlò oníná ni wọ́n sì ṣe é fún, kì í ṣe aago nìkan. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ ti eruku, èkejì jẹ́ ti omi. Bí ti omi bá jẹ́ 7, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti ri ohun náà sínú omi tó jìn ní mítà 1 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, omi ò sì wọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ 8, ó ju mítà 1 lọ, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ló fúnra rẹ̀ yan bó ṣe jìn tó àti iye ìṣẹ́jú tó lò níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí IP68 ti ilé-iṣẹ́ kan kì í fi í dọ́gba pẹ̀lú ti òmíràn.

Inú omi lásán tó dákẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe àdánwò yẹn, ohun èlò náà kì í sì í mira. Ọwọ́ òmùwẹ̀ kì í dákẹ́. Ó ń lu omi, ó ń là á kọjá, ó sì ń jáde padà. Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ òǹrajà kò mọ̀: àmì 8 kò fi hàn pé aago lè gba omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára. Àdánwò tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, òun ni IPX5 àti IPX6 (X túmọ̀ sí pé àmì náà kò sọ nǹkan kan nípa eruku). Aago IP68 tó jókòó jẹ́jẹ́ sí ìsàlẹ̀ báàfù tí nǹkan kan kò ṣe é lè kú lábẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń tú yàà.

ATM ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣe aago. Ìlànà ISO 22810 ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí èèyàn bá ti ń wọlẹ̀ nínú omi ní mítà 10, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí omi fi ń tẹ̀ ẹ́ ń fi nǹkan bí ATM 1 lé sí i. Nítorí náà, 5 ATM ni agbára ìtẹ̀ omi tó dákẹ́ ní mítà 50. Kò sọ pé kí ẹ wọ aago náà dé mítà 50 o! Ẹni tó bá ka 50 m, tó wá mòòkùn lọ sí mítà 30, ti ṣi àmì náà kà. Omi tí kò jìn ni 5 ATM wà fún: adágún ìlúwẹ̀ẹ́, etí òkun, odò tí ẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ lójú rẹ̀.

Bí mo ṣe máa ń tò wọ́n rèé:

| Àmì | Òjò, òógùn, fífọwọ́ | Ìlúwẹ̀ẹ́ | Eré orí omi tó yára | Mímòòkùn pẹ̀lú àgbá afẹ́fẹ́ |
|---|---|---|---|---|
| IP67 tàbí IP68 nìkan | Ó dára | Rárá | Rárá | Rárá |
| 5 ATM (50 m) | Ó dára | Ó dára | Rárá | Rárá |
| 10 ATM (100 m) | Ó dára | Ó dára | Ó sábà máa ń dára | Rárá, àfi bí ilé-iṣẹ́ bá kọ ọ́ síbẹ̀ |
| ISO 6425 | Ó dára | Ó dára | Ó dára | Ó dára |

ISO 6425 tó wà nísàlẹ̀ pátápátá yẹn, ti aago àwọn òmòòkùn ni. Aago kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ dán wò kó tó jáde, wọ́n á sì fi agbára tó ju èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lọ tẹ̀ ẹ́. Lábẹ́ ISO 22810, ilé-iṣẹ́ lè mú díẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ dán wò. Smartwatch tó ní ISO 6425 kò wọ́pọ̀. Ohun tí ẹ sábà máa rí lára àwọn tó wà fún mímòòkùn ni EN 13319, ìlànà fún ohun èlò tó ń wọn bí omi ṣe jìn tó.

## Àmì kan náà, ìṣesí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Apple Watch àkọ́kọ́, ti ọdún 2015, kò ní ju IPX7 lọ. Series 2, tó jáde lọ́dún 2016, ló bẹ̀rẹ̀ 50 m, ibẹ̀ sì ni àwọn Series tó tẹ̀ lé e dúró sí. Ó ní Water Lock, tó ń ti ojú aago pa kí omi má baà máa tẹ nǹkan tí ẹ ò tẹ̀. Bí ẹ bá jáde, sípíkà rẹ̀ á fi ohùn ti omi tó wà nínú ihò rẹ̀ jáde. Apple Watch Ultra, ti ọdún 2022, ló dé 100 m pẹ̀lú EN 13319, Apple sì fọwọ́ sí i fún mímòòkùn ìgbafẹ́ títí dé mítà 40.

Samsung máa ń kọ 5 ATM àti IP68 pọ̀ sára Galaxy Watch. 5 ATM ni kí ẹ wò níbẹ̀. Galaxy Watch Ultra, ti ọdún 2024, ní 10 ATM. Bí irú aago ṣe wù yín àti fóònù tí ẹ ń lò ló yẹ kó pinnu láàárín Apple àti Samsung, torí nínú omi, mi ò rí ìyàtọ̀ ńlá láàárín Series àti Galaxy Watch lásán.

Garmin ni ìyàtọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. 5 ATM náà ni Forerunner, aago eré ìdárayá tiwọn, ṣùgbọ́n ó ní bọ́tìnì márùn-ún, àwọn tó ní ojú tí a ń fọwọ́ kàn pàápàá máa ń pa ìfọwọ́kàn náà tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹni tó ti gbìyànjú láti fi ìka tó tutù tẹ ojú díńgí mọ ìyà tó wà níbẹ̀. Èmi fara mọ́ bọ́tìnì fún òmùwẹ̀, láìsí àní-àní. Àmọ́ o, kì í ṣe gbogbo bọ́tìnì ni wọ́n ṣe fún títẹ̀ lábẹ́ omi; ìwé tó bá aago wá ló máa sọ. Bí kò bá sọ nǹkan kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó wọlé, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ tí ẹ bá jáde.

Àwọn báńdì kéékèèké bíi Xiaomi Smart Band àti Fitbit Charge 3 sókè (50 m ni àwọn náà) fúyẹ́ lọ́wọ́, omi kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí wọn tì. Fún ẹni tó kàn fẹ́ mọ iye ìgbà tóun lọ tóun bọ̀ nínú adágún, wọ́n tó. Ẹ má ṣi Charge 2 mú ṣá, torí ìyẹn kò wà fún ìlúwẹ̀ẹ́.

## Kí ni aago lè kà nínú omi?

Aago tí omi ò wọ̀ lè máà wúlò fún òmùwẹ̀ rárá. Nínú adágún, ẹ̀yin lẹ máa sọ fún aago pé adágún náà gùn ní mítà 25 tàbí 50. Bí ọwọ́ yín ṣe ń mì àti bí ẹ ṣe ń yí padà ló fi ń ka ìyókù. Bí ẹ bá dúró láàárín ọ̀nà, ó lè kà á sí ìyípadà. Bí ẹ bá di pákó mú tí ẹ sì ń fi ẹsẹ̀ nìkan gbá omi, ó lè má ka nǹkan kan.

Nínú òkun, GPS, tó ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì láti mọ ibi tí ẹ wà, ni aago ń lò, àmì yẹn kì í sì í wọ omi. Ìgbà tí ọwọ́ bá yọ jáde nìkan ni aago ń rí i gbà. Ẹni tó ń na ọwọ́ kọjá lókè orí máa rí ojú ọ̀nà tó ṣeé gbà; ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ bí ọ̀pọ̀lọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í fi í yọ, lè rí ìlà wọ́gọwọ̀gọ lórí àwòrán.

Èyí tó burú jù ni ìlù ọkàn. Iná aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn aago ló ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn lábẹ́ awọ. Omi máa ń já sáàárín awọ àti aago, òtútù sì máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ sá kúrò lójú ara. Ẹ fún okùn aago díẹ̀ sí i, yóò sàn. Bó bá jẹ́ pé ìlù ọkàn gan-an ni ẹ ń wá, ẹ ra okùn àyà tó lè tọ́jú ohun tó kà sínú ara rẹ̀, bíi Polar H10 tàbí HRM-Swim ti Garmin, torí Bluetooth náà kì í rìn jìnnà nínú omi. Tí ẹ bá jáde ni ẹ ó kó o sórí fóònù tàbí aago.

## Ohun tó ń pa aago ju omi lọ

Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló dí etí aago. Ọṣẹ, ṣampú, ìpara àti lọ́fínńdà máa ń jẹ ẹ́. Ooru máa ń mú kó wú, òtútù á tún mú kó sún kì. Nítorí náà, bíbọ́ láti inú ilé ooru (sauna) bọ́ sínú omi tútù nira fún un ju wákàtí kan nínú adágún lọ. Ilé-iṣẹ́ púpọ̀ ló ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí a má ṣe wọ aago wọn wọ ilé ooru, àmọ́ ta ló ń ka ìwé yẹn? Iyọ̀ òkun àti kẹ́míkà adágún náà ń jẹ rọ́bà, ṣùgbọ́n ìyẹn rọrùn: ẹ fi omi lásán ṣan aago náà, kí ẹ nù ún gbẹ. Okùn aláwọ ẹran kò bá omi lọ rárá. Rọ́bà tàbí sílíkónì ni kí ẹ fi sí i.

Àmì 5 ATM kì í ṣe ti títí láé. Bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde nílé-iṣẹ́ ló ń sọ. Aago tó ti já lulẹ̀, tí díńgí rẹ̀ ti sán, tàbí tí wọ́n ti ṣí inú rẹ̀ láti pààrọ̀ bátìrì, ẹ kà á sí aago tí kò ní àmì mọ́, àfi bí ẹni tó tún un ṣe bá fi ẹ̀rọ dán an wò lójú yín bóyá omi ò ní wọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni àlòkù ti ń dá wàhálà sílẹ̀: ẹni tó ń tà á lè má mọ̀ pé ẹni tó lò ó ṣáájú ti ṣí i rí. Ẹ ka wáráńtì pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ wọn ló yọ ìbàjẹ́ omi kúrò, bí wọ́n tilẹ̀ ya òmùwẹ̀ sára páálí.

Ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, báńdì 5 ATM ti tó o. Ẹni tó ń wọ òkun déédéé, kó ra èyí tó ní bọ́tìnì àti GPS tirẹ̀. 10 ATM di dandan bí ẹ bá ń gun pákó orí omi tí ọkọ̀ ń wọ́, tàbí tí ẹ ń fò sínú omi láti òkè. Ẹni tó ń mòòkùn pẹ̀lú àgbá afẹ́fẹ́, kó ra èyí tí ilé-iṣẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ kọ pé ó wà fún un, kó sì wo iye mítà tí wọ́n ní èèyàn lè mòòkùn dé, kì í ṣe iye ATM. Tí ẹ bá sì fẹ́ ra àlòkù fún ìlúwẹ̀ẹ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí tí ẹ lè fi ṣòfò.