Conn 88HO lẹ́nu mi: tròmbóònù tí mo tinú fídíò dá mọ̀

Conn 88HO, tròmbóònù tí ilé-iṣẹ́ Conn ṣe, ni mo ń fọn lọ́wọ́lọ́wọ́, fídíò ọ̀gá kan ló sì mú mi débẹ̀. Kò dárúkọ fèrè rẹ̀ níbì kankan. Mo dá fídíò náà dúró níbi tó ti kọ ẹ̀gbẹ́ sí kámẹ́rà, mo wá tẹjú mọ́ ẹ̀yìn fèrè. Bẹ́ẹ̀lì, ẹnu fèrè tó fẹ̀ tó ń dán, lọ́pọ̀ ènìyàn ń wò, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ni ìdánimọ̀ wà.

Páìpù tírígà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, èyí tí àtàǹpàkò òsì máa ń ṣí kí fèrè B-flat lè di F. Bí wọ́n bá ká a mọ́ra tí kò yọ sẹ́yìn, irú ti àtijọ́ ni: Bach 42B (ilé-iṣẹ́ tròmbóònù mìíràn ni Bach) tàbí Conn 88H. Bó bá nà gbọọrọ kọjá ẹ̀yìn fèrè, 42BO tàbí 88HO ni ẹ ń wò. Fáàfù Thayer (fáàfù ló ń darí èémí sínú páìpù tírígà) tó wà lára Bach 42T kò ṣòro rárá, kónù ńlá ni. (Bí ẹ bá rí sílàìdì, páìpù tí wọ́n ń fà síwá sẹ́yìn, lọ́wọ́ òsì, wọ́n ti yí àwòrán náà sódì ni, àfi bó bá jẹ́ olóògbé Slide Hampton, afọntròmbóònù jáàsì tó fi òsì fà á ní tòótọ́.) Àwọn ìlúmọ̀ọ́ká kan tiẹ̀ ti dín wàhálà yìí kù, nítorí fèrè ń jẹ́ orúkọ wọn: CL tó wà nínú Conn 88HCL, Christian Lindberg, afọntròmbóònù ará Sweden, ni.

Àwọ̀ ló kàn, òun ló sì ń tanni jẹ jù. Idẹ lásán máa ń ní bàbà tó tó ìdá 70 nínú 100, ìyókù jẹ́ síǹkì. Irú tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀lì 88H tó ìdá 90, ìdí nìyẹn tó fi pọ́n. Ṣùgbọ́n Bach náà ń ṣe bẹ́ẹ̀lì tí bàbà inú rẹ̀ pọ̀, ẹ óò rí G lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀, iná orí ìtàgé sì lè sọ idẹ lásán di pupa. Mi ò gba àwọ̀ gbọ́ títí mo fi rí ohun tí wọ́n fín sára bẹ́ẹ̀lì.

Ohun tí ojú kò lè rí ni mouthpiece, ife kékeré tí ètè ń kàn. Ihò sílàìdì 88HO jẹ́ ínǹṣì 0.547, nítorí náà ẹ ó mọ̀ pé ìdí mouthpiece ọ̀gá náà, èyí tó ń wọnú fèrè, jẹ́ irú tó tóbi. Ó tán. Bóyá Bach 5G ló fi sẹ́nu ni o, bóyá Schilke 51 ni, fídíò kò ní sọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ àárín méjèèjì yìí kàn mí létè ju ìyàtọ̀ àárín Bach àti Conn lọ. 5G ni mo dúró lé.

Fífọn rẹ̀ wá ńkọ́? Bí mo bá rọra fọn, ohùn rẹ̀ gbóná, ó sì rọ̀, pàápàá láàárín. Bí mo bá fẹ̀ ẹ́ kíkan, bẹ́ẹ̀lì náà máa ń tètè dún bí idẹ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń wá ohùn dúdú kò ní fẹ́ràn rẹ̀. Tírígà rẹ̀ lẹ́wà lò. C ìsàlẹ̀ tí ọwọ́ ń nà dé ipò kẹfà (ipò ni ibi tí sílàìdì ń dúró sí) fún ti wá sí ipò kìíní. Àmọ́ bí tírígà bá ti wà ní títẹ̀, sílàìdì kò gùn tó ipò méje mọ́, mẹ́fà péré ló kù, nítorí náà B tó wà lábẹ́ C tó rẹlẹ̀ jù kò sí, àfi kẹ́ ẹ fa páìpù tí wọ́n fi ń tún ohùn F ṣe jáde. Gbogbo fèrè onítírígà kan ló rí bẹ́ẹ̀, ẹ má dá Conn lẹ́bi.

Ó ń jẹ èémí gan-an, ọwọ́ òsì ló sì ń gbé ìwọ̀n rẹ̀. Fún ẹgbẹ́ orin ńlá oníwèé àti fún àdáfọn, mi ò ní pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọn ìlà òkè nínú ẹgbẹ́ jáàsì, King 3B tí ihò rẹ̀ jẹ́ 0.508 ni kó wá lọ. Ohùn rẹ̀ á gé ju tèmi lọ, àyà rẹ̀ á sì sinmi.