TME 419: ẹ̀gẹ́ tó yẹ oko igi, àti ìtọ́jú tí ìyá igi ń fẹ́

Ẹni tó ń gbin ẹ̀gẹ́ torí igi tí yóò tà fún àgbẹ̀ mìíràn láti gbìn kò wá ohun tí ẹni tó ń gbìn ín torí gàrí ń wá. Igi gígùn ló ń wá, tó tọ́, tó ki, tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Fún iṣẹ́ yìí, TME 419 la fi ṣíwájú gbogbo ẹ̀gẹ́ yòókù tí àgbẹ̀ ń rí rà nílẹ̀ Yorùbá. Tógò ni ìran rẹ̀ ti wá. Ọdún 2005 ni wọ́n fọwọ́ sí i fún àgbẹ̀ Nàìjíríà.

Ìdúró rẹ̀ ni iyì rẹ̀. Kì í tètè pẹ̀ka. TMS 30572 tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ mọ̀ a máa pẹ̀ka nísàlẹ̀, igi rẹ̀ a wọ́, dídì rẹ̀ a sì di wàhálà. TME 419 ń lọ sókè tààrà, èèyàn á gé mítà 1 gbáko lára rẹ̀, àádọ́ta irú ẹ̀ sì ni ìdì kan. Àrùn mósáíkì tí eṣinṣin funfun ń gbé kiri kì í sì tètè ráyè lára rẹ̀. Èyí gan-an ló ṣe kókó jù, torí àrùn tó bá wà lára ìyá, ìyẹn igi tí a ń gé, ló máa bá ègé, ìyẹn igi kéékèèké tí a gé fún gbígbìn, lọ sóko oníbàárà.

Ibi tó ti dára náà ló ti ní àbùkù. Ohun tí kò pẹ̀ka kò lè tètè bo ilẹ̀, nítorí náà koríko máa ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ ro ó ní ọ̀sẹ̀ 4, 8 àti 12 lẹ́yìn gbígbìn. Ẹni tó bá jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ kọjá, igi tín-ín-rín ni yóò gé.

Ohun tó ń ba oko igi jẹ́ jù ni ebi. Lóko gàrí, igi àti ewé púpọ̀ ń padà sílẹ̀. Lóko igi, gbogbo ẹ̀ là ń dì lọ, ilẹ̀ á sì gbẹ lóúnjẹ. Igi tí ebi pa ìyá rẹ̀ lè hù dáadáa, kó yọ ewé méjì mẹ́ta, kó sì kú kí gbòǹgbò tó mú ilẹ̀, torí oúnjẹ tó wà nínú ègé ti tán. Àpò ajílẹ̀ NPK 15-15-15 mẹ́jọ, oníkílò 50, ni kẹ́ ẹ fi sí hẹ́kítà kan ní ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ lẹ́yìn gbígbìn, nígbà tí ilẹ̀ tutù. Ẹ jìnnà sí ìdí igi tó ìbú ọwọ́ kan, kẹ́ ẹ sì bò ó. Ajílẹ̀ yúríà nìkan kò tó: ewé á pọ̀, igi á rọ̀, ẹ̀fúùfù á sì wó o. Ẹ̀gẹ́ nílò pọ́tásíọ̀mù, tó wà nínú NPK, tí kò sí nínú yúríà.

Mítà 1 sí 80 sẹ̀ǹtímítà la fẹ́ láàárín igi àti igi, ìyẹn ìdí 12,500 lórí hẹ́kítà. Bí ẹ bá fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn á máa du oòrùn, wọn á ga, wọn ò sì ní ki.

Ní oṣù kìíní, ìkẹta àti ìkẹfà lẹ́yìn gbígbìn, ẹ rin oko náà láti poro dé poro. Èyí tí ewé rẹ̀ bá ká kò, tó ní àbàwọ́n ìyeyè, tàbí tí ìrísí rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ fà á tu pátápátá kẹ́ ẹ sì sun ún. Gígé nìkan kò tó, yóò tún rúwé.

Bí ẹ bá tètè gbìn nígbà òjò, ẹ lè gé lẹ́ẹ̀mejì. Ní bíi oṣù kẹjọ lẹ́yìn gbígbìn, ẹ gé e, kẹ́ ẹ sì fi kùkùté 25 sí 30 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀. Nígbà tó bá tún rú, ẹ dá ẹ̀ka méjì tó lágbára sí, kẹ́ ẹ sì yọ ìyókù. Ẹ má gé e lójú ọ̀dá. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ló máa bọ́ ẹ̀ka tuntun yìí: ẹ̀gẹ́ tó ti ta á di olómi fúngbà díẹ̀, kò ní dùn ún ṣe gàrí. Lákòókò ọyẹ́, ẹ máa wo tata, torí kì í ṣe ewé nìkan ló ń jẹ, ó ń bó èèpo igi pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ gígé, ẹ máa fi Hypo ìwọ̀n kan tí ẹ pò mọ́ omi ìwọ̀n mẹ́sàn-án nu àdá bí ẹ bá ń kúrò ní ìdí kan sí òmíràn. Ẹ sá igi díẹ̀: tí oje funfun bá sun, ó ṣì yè. Ẹ ju orí tó tutù nù. Sẹ̀ǹtímítà 25, olójú 5 sí 7, ni ègé kan. Mítà 1 á fún yín ní mẹ́rin, ìdì kan á fún yín ní 200, ìdì 50 á sì gbin hẹ́kítà kan ní mítà 1 sí mítà 1. Ọgọ́ta ni kí ẹni tó ń gbìn báyìí rà (oko igi ti mítà 1 sí 80 sẹ̀ǹtímítà á gba bíi 63, láìka àfikún), torí ojú igi tó bá fara pa nínú ọkọ̀ kò ní hù. Tí ẹ ò bá tíì gbìn ín, ẹ nà án ró lábẹ́ ibòji, ìdí rẹ̀ nínú ilẹ̀ tó tutù, ojú rẹ̀ sókè, kẹ́ ẹ sì ṣọ́ ikán.

Níti ibi tí a ti ń ra ìyá, IITA GoSeed, ilé iṣẹ́ irúgbìn ti IITA tó ń ṣe ìwádìí ọ̀gbìn, wà ní Ìbàdàn, Umudike Seeds sì wà ní Ìpínlẹ̀ Ábíá. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí NASC, àjọ tó ń mójú tó irúgbìn ní Nàìjíríà, lọ́wọ́ ẹni yòówù tó ń tà á. Igi ẹ̀bá ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní 419 kò tó láti fi dá oko igi sílẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó. Ẹni tí kò sì ní òṣìṣẹ́ tó lè ro oko lẹ́ẹ̀mẹta, kó mú TMS 30572 tó ń bo ilẹ̀, kó sì fara mọ́ igi wíwọ́.