Àgbéyẹ̀wò Silver Eagle Mẹ́ta Tí Àwọ̀ Òṣùmàrè Bò Lójú

Nínú gbogbo owó fàdákà òde òní tí àwọn olùkójọ máa ń wá nítorí àwọ̀ tó bò wọ́n lójú, Silver Eagle ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ràn jù. Láti ọdún 1986 ni wọ́n ti ń rọ ọ́. Ó fẹ̀ tó mìlímítà 40.6, fàdákà inú rẹ̀ wọn gíráàmù 31.1, ó sì mọ́ dé ìdá 999 nínú 1,000. Ojú gbòòrò bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ ń fẹ́. Obìnrin tó ń rìn lọ síhà oòrùn tó ń yọ, èyí tí Adolph Weinman ṣe fún owó ààbọ̀ dọ́là ti ọdún 1916, wà láàárín, àyè tó tẹ́jú sì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀ tí àwọ̀ lè tàn sí. Láàárín ọdún kan ni mo ra mẹ́ta tó ti pàwọ̀ dà. Ọ̀kan múnú mi dùn, ọ̀kan kò burú, ẹ̀kẹta sì bà mí lọ́kàn jẹ́.

Kí n tó sọ̀rọ̀ nípa wọn, ó yẹ kí a mọ ibi tí àwọ̀ náà ti ń wá, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò lè mọ ohun tó ń rà. Afẹ́fẹ́ lásán kì í ba fàdákà jẹ́. Èròjà imí-ọjọ́ tó fara pamọ́ sínú afẹ́fẹ́, sínú páálí àti sínú bébà àtijọ́ ló ń mú un, tó sì ń fi awọ kan tó fẹ́lẹ́ gan-an bò ó. Awọ yìí fúnra rẹ̀ kọ́ ló pupa tàbí tó jẹ́ búlúù. Ìmọ́lẹ̀ tó ta padà láti òkè rẹ̀ àti èyí tó wọ inú rẹ̀ lọ kan fàdákà kó tó padà ló ń pàdé, tí wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́ tàbí kí wọ́n pa ara wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i nígbà tí bẹntiróò bá dà sójú omi. Bí awọ náà ti ń nípọn ni àwọ̀ ń yí: àwọ̀ wúrà ló ń kọ́kọ́ yọ, pupa tó fara jọ àlùkò á tẹ̀ lé e, búlúù á dé, búlúù náà á ṣí títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, àwọ̀ wúrà á sì tún padà wá, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí yóò fi dúdú. Ètò yìí ni mo kọ́kọ́ máa ń wò kí n tó wo ẹwà.

Ti ọdún 1987 ni èyí tó múnú mi dùn. Inú ike tí PCGS, ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ owó wò tó sì ń fún un ní máàkì, fi dì í ló wà, wọ́n sì fún un ní máàkì 67 nínú 70. Gbogbo àmì tó wà lára rẹ̀ fi hàn pé inú álíbọ́ọ̀mù páálí ló ti dàgbà, nítorí etí rẹ̀, níbi tí páálí ti sún mọ́ ọn jù, ni awọ ti nípọn jù, àwọ̀ náà sì ń fúyẹ́ bó ṣe ń lọ sí àárín. Mo gbé e sábẹ́ iná kan ṣoṣo nínú yàrá tí mo ti pa gbogbo iná yòókù, mo sì ń yí i díẹ̀díẹ̀. Búlúù tó jìn bí aró wà ní etí pátápátá, àlùkò kan tó tín-ín-rín bí okùn ìránṣọ wà nínú rẹ̀, wúrà wà lẹ́yìn ìyẹn, àyà obìnrin náà sì funfun láìní ẹ̀gàn. Bí mo ti ń yí i, ìtànṣán kan ń yípo bí wáyà kẹ̀kẹ́, ó ń la gbogbo àwọ̀ náà kọjá láìdúró lórí ọ̀kankan. Ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn: kí dídán tí owó náà ní lọ́jọ́ tí wọ́n rọ ọ́ ṣì máa jáde láti abẹ́ àwọ̀. Owó tí mo san lé orí iye fàdákà inú rẹ̀ kò kéré, síbẹ̀ n kò kábàámọ̀ rẹ̀.

Èkejì kò ní ìtàn púpọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló ní àwọ̀, wúrà lórí ìyẹ́ idì àti pupa díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojúlówó ni, ó sì dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni mo rà látọwọ́ olùtajà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwòrán rẹ̀ sì ń tàn bí ìyẹ́ ọ̀kín. Nígbà tó dé ọwọ́ mi, mo rí i pé wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà fún àwòrán náà lágbára ju bó ti yẹ lọ. Èyí kọ́ ló dùn mí jù. Àlùkò àti búlúù ló gba ojú owó náà, wọ́n dá dúró lójijì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fàdákà funfun, láìsí wúrà kankan láàárín wọn. Mo fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo àwọn lẹ́tà ojú rẹ̀, mo sì rí i pé àwọ̀ náà kún àárín wọn bí ọ̀dà tó ṣàn dúró síbẹ̀. Dídán rẹ̀ ti kú. Iná tàbí oògùn tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi ń sọ fàdákà di dúdú lè ṣe irú iṣẹ́ yìí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, ó sì padà wá pẹ̀lú àkọsílẹ̀ pé àwọ̀ rẹ̀ kò ṣeé gbọ́kàn lé, wọn kò sì fún un ní máàkì. Olùtajà náà kọ̀ láti gbà á padà.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó bá fẹ́ rà ni pé kó béèrè fún fídíò tí wọ́n ti ń yí owó náà lábẹ́ iná, nítorí àwòrán tó dúró sójú kan kò lè fi dídán hàn. Bí ó bá ti rà á, kó má ṣe tọ́jú rẹ̀ sínú ike rírọ̀ tí wọ́n fi PVC ṣe, èyí tó máa ń sun ohun aláwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ mọ́ fàdákà tó sì ń jẹ ẹ́. Kó má sì ṣe tì í bọ omi oògùn tí wọ́n fi ń fọ fàdákà, nítorí gbogbo ohun tó sanwó lé lórí ni yóò bá omi náà lọ. Ibi gbígbẹ ló tọ́ sí i, nítorí ike tí ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò fi di owó pàápàá kò dí afẹ́fẹ́ pa pátápátá.

Mo ṣì ní ẹ̀kẹta náà lọ́wọ́. Ẹ̀gbẹ́ ti ọdún 1987 ni mo gbé e sí, kí n lè máa yí àwọn méjèèjì pọ̀ lábẹ́ iná kan náà kí n tó ra òmíràn.